Gígé nǹkan kúrò lára fọ́tò pẹ̀lú GIMP
GIMP, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún àtúnṣe fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1996, tẹ́ mi lọ́rùn gan-an fún iṣẹ́ yìí. Fún ohun tí etí rẹ̀ dán, bí ife, irinṣẹ́ Paths ló dára jù: ẹ ó máa fi àmì yí etí rẹ̀ ká, ẹ ó sì fa ìlà náà títí yóò fi tẹ̀ bí ọwọ́ ife ṣe tẹ̀. Ìdí irun orí ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ohun tó wà lẹ́yìn máa ń yọjú láàárín fọ́nrán irun; Foreground Select, irinṣẹ́ tó ń ya ohun tó wà níwájú sọ́tọ̀, ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ́. Layer mask, ìbòjú tó ń fi apá kan àwòrán pamọ́ láì pa á rẹ́, ni kí ẹ fi bò ó, kí àtúnṣe lè rọrùn. Irú fáìlì PNG ni kí ẹ fi pa á mọ́, torí irú fáìlì JPEG kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán ṣófo.