Fíìmù onílù méjì yìí, tó bá ti wọ sinimá kẹ́ ẹ lọ wò ó

Wọ́n pe àwa kan wá wò ó kó tó jáde, ní Wuse 2 l'Ábújá níbí, wọ́n sì bẹ̀ wá pé ká má tíì dárúkọ ẹ̀ síta, torí náà mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí pósítà tí onílù méjì kẹ̀yìn síra wọn, òun náà nìyẹn.

Ìtàn ẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Onílù àgbà kan wà láàfin, òun ló ń fìlù jí ọba láràárọ̀ láti ayé ọba tó wàjà, ni ọ̀dọ́kùnrin kan bá ti ìlú mìíì dé, ọmọ àyàn lòun náà, ọwọ́ ẹ̀ sì dùn débi pé ọba fúnra ẹ̀ ń jókòó dè é. Bí ìjà ṣe dé nìyẹn o. Kò sí àfọ̀ṣẹ, kò sí iná tó ń jáde lójú ẹnikẹ́ni, èèyàn àti ìlù ni gbogbo ẹ̀, inú mi sì dùn sí i gan-an torí ó ti sú mi kí ọ̀tá méjì máa fi oògùn jà nínú fíìmù wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jẹ́ n sọ ibì kan fún yín. Lóru, tí ọdún ku ọ̀la, ọwọ́ kan yọ látinú òkùnkùn, ó fi abẹ rẹ́ ọsán méjì, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, lára ìyáàlù ọmọ yẹn, kò gé e tán o, ó kàn rẹ́ ẹ dé ìdajì. A ò rí ojú onítọ̀hún. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ gbé ìlù kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọba, gbogbo ìgbà tó bá sì ti fún ọsán yẹn mọ́ra kí ohùn ìlù lè ròkè, kámẹ́rà á sún mọ́ ojú ibi tí abẹ bà, ẹ á rí awọ yẹn tó ń là díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu egbò. Alhaji kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di apá àga mú, ó ní "Wayyo Allah!" Tí ọsán bá já lójú ọba, ẹ̀tẹ́ ni, ẹ̀tẹ́ yẹn ò sì ní mọ sórí ọmọ nìkan, á kan bàbá ẹ̀ àti gbogbo àyàn tó wà nídìí ẹ̀.

Wọn ò sọ àgbà yẹn di ìkà lásán o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó múra, ó gbé ìlù, ó dé ẹnu géètì àafin, ó gbọ́ ìlù ẹlòmíì nínú lọ́hùn-ún. Ó dúró síbẹ̀, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò lè lù ú. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Àtìgbà yẹn mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ kó borí mọ́.

Ìlù inú ẹ̀, ìlù gidi ni, ẹ máa gbọ́ gúdúgúdú àti kànnàngó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Ibi tí kò dáa ni ọ̀rọ̀ ọba lápá ìparí, ó gùn jù, ó ń ṣàlàyé ohun tá a ti fojú rí. Àwọn tó pè wá náà jẹ́ ká dúró pẹ́ torí àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n ń retí, ìyẹn ò dáa rárá, àwọn kan sì ń tan iná fóònù nígbà tó gbóná jù.

Kó tó wọ sinimá, NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, máa wò ó, kí wọ́n fún un ní àmì ọjọ́ orí, bí òfin 1993 ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fún un ní 12, kì í ṣe 18, ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ ò tó nǹkan, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Kubwa àti Gwarinpa, tó jẹ́ òde ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ti ń rí onílù, àwọn gan-an ni mo fẹ́ kó wò ó. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jókòó sáàárín, ẹ má jókòó níwájú pátápátá, ìlù yẹn á dí yín létí.