Blu-ray àti HD DVD tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú: ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó

Nídìí ẹrù tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, ẹ̀rọ Blu-ray àti HD DVD (méjèèjì ń ka àwo fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) jọra débi pé "Blu-ray" ni àwọn ọlọ́jà kan ń pe méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn ti kú láti ọdún 2008. Bí ẹ bá rí HD DVD tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ (Toshiba ló sábà máa ń jẹ́), ẹ mọ̀ pé wọn ò tẹ fíìmù tuntun sórí àwo rẹ̀ mọ́. DVD lásán ló kù tí yóò máa bá yín kà, nítorí náà owó ẹ̀rọ DVD ni kí ẹ san.

Ó dun ni díẹ̀, torí ẹni tó kú yẹn ni ì bá bá wa lára mu jù. HD DVD kò ní ìtìpa agbègbè rárá, ìyẹn títì tí wọ́n ń ti àwo mọ́ ẹ̀rọ apá kan ayé. Ìjìnlẹ̀ 0.6 mm ni dátà rẹ̀ wà, bíi ti DVD gẹ́lẹ́, tó fi rọrùn fún ilé iṣẹ́ tó ń tẹ DVD láti tẹ̀ ẹ́. Oṣù kẹrin ọdún 2006 ni Toshiba gbé HD-A1 jáde ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 499. BD-P1000 ti Samsung, tó jẹ́ Blu-ray, dé ní oṣù kẹfà ní dọ́là 999. (Ẹni bá tú HD-A1 yóò bá Pentium 4, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ara fídíò bò, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó jí. Kò bàjẹ́.) Ṣùgbọ́n àwo Blu-ray ń gba 25 GB ní ìpele kan, 50 ní méjì, nígbà tí HD DVD ń gba 15 àti 30. Sony sì ki Blu-ray sínú PlayStation 3. Nígbà tí Warner Bros., ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, kéde ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2008 pé Blu-ray nìkan làwọn yóò máa ṣe, Toshiba jáwọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kejì.

Blu-ray ló kù nìyẹn, ẹrù Lọ́ńdọ̀nù sì ni kí ẹ mú nínú rẹ̀. Blu-ray ní ìtìpa agbègbè: A, B àti C. Agbègbè B ni Nàìjíríà wà pẹ̀lú Yúróòpù. Amẹ́ríkà àti Japan wà ní A. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kò ní ka àwo tí wọ́n tì mọ́ B. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí àwo: bí A, B àti C bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ èyíkéyìí yóò kà á. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Lọ́ńdọ̀nù bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, iná wọn náà sì bá tiwa mu. Bí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá sọ pé 100-240V, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fi owó step-down kún iye rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá kì í bọ iná wa báyẹn, fíúsì tàbí kàpásítọ̀ rẹ̀ yóò jó lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ìdánwò. Ọlọ́jà á ti DVD bọ̀ ọ́, àwòrán á jáde, oníbàárà á sanwó. Ìdánwò kọ́ nìyẹn. Iná pupa 650 nm ló ń ka DVD, iná búlúù 405 nm ló ń ka Blu-ray. Èyí búlúù lè kú kí pupa ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ mú àwo Blu-ray tiyín dání, kó jẹ́ oníìpele méjì, pẹ̀lú wáyà HDMI. Ẹ jẹ́ kó ṣeré, kí ẹ wá fò lọ sí ìparí fíìmù. Bí ó bá ń dákú níbẹ̀, lẹ́ńsì ti dọ̀tí tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́. Dátà Blu-ray kò jìn ju 0.1 mm lọ sábẹ́ ojú àwo, eruku tí DVD kò kà sí sì lè dí i lójú. Ẹ fi DVD àti VCD náà dán an wò, torí kì í ṣe gbogbo Blu-ray ló ń ka VCD.

Àwo tuntun lè kọ̀ láti ṣí lórí ẹ̀rọ àtijọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò tó wà lára àwo ń yí padà. Ẹ wa software tuntun láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sórí fláàṣì, kí ẹ sì fi inverter tàbí UPS gbe ẹ̀rọ náà ró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, ó lè má jí mọ́.

Bí ohùn bá dédé dákẹ́ láàárín fíìmù, tí "message code 3" yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ onírẹpẹ́ẹ̀. Cinavia nìyẹn: àmì tí wọ́n fi pamọ́ sínú ohùn fíìmù, tí ẹ̀rọ fi ń dá àwo ayédèrú mọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti ọdún 2012 ni ó sábà máa ń wà nínú wọn.

Ẹni tí VCD àti DVD fíìmù Yorùbá nìkan ló ń wò kò nílò wàhálà yìí. Ẹni tó sì ní tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ihò HDMI kò ní rí èrè rẹ̀, torí àwòrán tí wáyà yẹ́lò ń gbé kò ju ti DVD lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwo 4K, irú Blu-ray tí àwòrán rẹ̀ tún mọ́ jù, tó sábà máa ń wà nínú páálí dúdú dípò búlúù. Blu-ray lásán kò lè kà á, PS4 náà kò lè kà á. Xbox One S tàbí PS5 tó ní ihò àwo lè kà á.