Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta àwọ̀n, stíkà àti ẹ̀gbà ọrùn "tó ń lé rédíéṣọ̀n" kúrò ní yàrá

Oṣù méjì gbáko ni ìtìjú fi pa mí lẹ́nu mọ́ kí n tó lè kọ èyí. Owó tí mo pàdánù jẹ́ 385,000 náírà, olè kankan kò sì yọ ìbọn sí mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ fóònù tí mo fi san án, nínú pálọ̀ mi ní Àkóbọ̀, lẹ́yìn tí mo ti fún ẹni tó wá gbà á ní omi tútù àti ẹran díndín.

Ó ti tó ọdún kan tí ìyàwó mi kò rí oorun sùn dáadáa, tí ẹ̀fọ́rí sì ń bá a jí láràárọ̀. Aládùúgbò wa kan ló fi nọ́ńbà ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, tó ní rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán, láti ara ínfátà, Wi-Fi àti òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ń dà á láàmú. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní 2011. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi ìtànṣán fóònù sí ìpele 2B lọ́dún náà, ìyẹn ìpele ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti fi dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìpele yẹn kan náà ni wọ́n fi àyọkúrò odidi ewé aloe vera sí, ọkùnrin yìí kan náà sì ta aloe vera inú ike kan fún ìyàwó mi kó tó lọ!

Ọjọ́ Sátidé ló dé, pẹ̀lú báàgì dúdú kan àti ẹ̀rọ kékeré tó ní iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé. Ínfátà wa wà lẹ́yìn ògiri, ní apá orí bẹ́ẹ̀dì gan-an. Ó fi ẹ̀rọ náà kan ògiri, iná pupa tàn, ẹ̀rọ sì ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Ìyàwó mi ká ọwọ́ lérí. Ó wá lẹ stíkà kan, tí kò fẹ̀ ju ọmọrí ìgò lọ, mọ́ ara ògiri, ó ní kí a ka ení dé ẹ̀wá, ó tún gbé ẹ̀rọ náà sókè, iná aláwọ̀ ewé ló tàn. A pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti fi ọdún 22 ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí n kì í buwọ́ lu owó bírò láìrí rìsíìtì, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mo ra stíkà mẹ́ta ní 30,000, àwọ̀n tí wọ́n ń ta bo bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ní fàdákà wà nínú òwú rẹ̀, ní 220,000, ẹ̀gbà ọrùn méjì ní 100,000. Nígbà tí ojú mi kò tíì là síbẹ̀, mo ní kí ó ta ẹ̀rọ náà fún mi pẹ̀lú, ó sì gba 35,000. N kò gba rìsíìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó tà fún mi yìí ló tú u fó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ wáyàmáàn, wá tún fáànù ṣe, ó rí stíkà lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀rọ náà kan ògiri pẹ̀lú stíkà lórí rẹ̀, iná pupa tàn. Ó yọ stíkà kúrò pátápátá, ó rìn sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó ní, "Dádì, ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ má wo stíkà." Nígbà náà ni mo rántí pé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ògiri ni ọwọ́ ọkùnrin yẹn wà nígbà àkọ́kọ́, nígbà kejì ó ti fà sẹ́yìn. Agbára tó ń jáde lára ínfátà àti wáyà máa ń dínkù kíákíá bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí i. Ohun tí mo fi 385,000 rà kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ!

Ó wọ inú àwọ̀n náà pẹ̀lú fóònù mi, ó ní kí n pè é. Ọkùnrin yẹn ti búra fún wa pé ìpè kankan kò ní wọlé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ló fẹ́ dí? Ti ínfátà tilẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí òwú fàdákà kì í dá agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara iná NEPA àti ínfátà wá dúró.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹ̀gbà ọrùn, nítorí ọrùn ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ni mo fi ọ̀kan kọ́. Ní oṣù Kejìlá 2021, àjọ ìjọba Netherlands tó ń bójú tó ààbò lórí ìtànṣán kìlọ̀ nípa irú ọjà mẹ́wàá báyìí, tí ẹ̀gbà ọrùn wà lára wọn, pé àwọn gan-an ló ń tú ìtànṣán tó lè pa ara lára jáde, kí ẹni tó bá ní in má ṣe wọ̀ ọ́ mọ́. Mo bọ́ ọ kúrò lọ́rùn ọmọ lóru ọjọ́ tí mo ka èyí, mo kó méjèèjì sínú agolo Milo, mo sì gbé e lọ sí ìta, sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. N kò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ má sọ pé òmùgọ̀ ni mí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ń sunkún lóru fún ọdún kan, kí ó wá sọ fún mi bóyá òun kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, òmùgọ̀ náà ni mo jẹ́, nítorí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè sọ fún ọkùnrin yẹn pé kí ó fi ẹ̀rọ náà kan ògiri lẹ́ẹ̀kejì.

Kí n má baà gbàgbé ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ọ́: ẹ gbé fóònù kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ pa Wi-Fi bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́bàá ògiri ínfátà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má lẹ stíkà mọ́ fóònù, nítorí bí ó bá dí i lóòótọ́, ṣe ni fóònù yóò tún fi agbára kún agbára láti wá òpó. Ẹ gba rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì, bí wọ́n bá sì ti rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ìyẹn náà ti tó.

A ti sún bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ti ń sùn, ó ní ariwo fáànù ínfátà ló ń jí òun. Ọlọ́jà kankan kò sí tí mo tún gbà gbọ́ mọ́. Búrẹ́dì tí ìyá ojú ọ̀nà wa ń tà pàápàá, mo ti ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà, ó ní stíkà ti lo agbára rẹ̀ tán, kí n ra ti àjà ilé kún un. Mo bú u, ó sì dí nọ́ńbà mi. Lánàá ni aládùúgbò wa fi àwòrán tuntun tó gbé síta hàn mí: ó ti ń ta ike omi tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà báyìí, ẹ̀rọ oníná pupa àti iná aláwọ̀ ewé mìíràn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.