Ẹ Ṣọ́ra: Aró Ni Wọ́n Fi Kun Ewé Náà, Kì í Ṣe Maduro

Ẹ̀yin tá a jọ ń ra cigar, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún àpótí mìíràn. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, mi ò sì fẹ́ kó kan ẹlòmíràn. Kì í ṣe sìgá oníbébà ni mò ń sọ o, odidi ewé tábà tí wọ́n fọwọ́ wé ni.

Ọkùnrin kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló polówó àpótí ẹlẹ́yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní Connecticut Broadleaf, irú ewé tábà kan láti Amẹ́ríkà, ni ewé òde rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi wé e níta, pé maduro pọ́ńbélé ni, ìyẹn cigar tí ewé òde rẹ̀ dúdú fúnra rẹ̀ láìsí aró, àti pé àpótí mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ “mẹ́ta péré” yẹn ló mú mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti sanwó.

Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo wọn dúdú bí èédú, bákan náà láti orí dé ìdí. Kódà iṣan ewé náà dúdú, bẹ́ẹ̀ iṣan ewé gidi kì í sábà bá ara ewé dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Mo mú ẹyọ kan, ìka mi dúdú. Mo wá rẹ bébà ìnuwọ́ funfun sómi, mo fi nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bébà náà dà bí ẹni pé wọ́n da yíǹkì sí i, ibi tí mo nù sì ti di búráùn ràkọ̀ràkọ̀. Kẹ́ ẹ má baà fẹ̀sùn èké kan olóòótọ́ o, maduro gidi náà lè fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti tíì sára bébà tó tutù. Ṣùgbọ́n kì í bó bí aṣọ aláró ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo fi abẹ la ọ̀kan gbọọrọ. Dípò odidi ewé tó yẹ kó nà láti orí dé ẹsẹ̀, àjákù wẹ́wẹ́ ló dà sórí tábìlì. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Nígbà tí mo pè é lẹ́jọ́, ó ní bí Broadleaf ṣe ń rí nìyẹn, pé mi ò mọ cigar ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dínà mọ́ mi.

Ohun tó ń jẹ́ kí irọ́ yìí tà ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀: ewé òde wọ́n. Ewé inú lè lu, ó lè ya díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ti òde kò gbọ́dọ̀ lu, iṣan rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ nípọn, ó sì gbọ́dọ̀ rọ̀ débi tí wọ́n á fi fà á yí cigar ká láìya. Èyí tí kòkòrò bá fẹnu kàn nínú oko ti di ewé inú nìyẹn. Broadleaf, inú oòrùn ni wọ́n ti ń gbìn ín, tigi-tigi ni wọ́n sì ń gé e. Ó nípọn, ìyẹn ló fi lè fara da ooru nígbà tí wọ́n bá tò ó jọ gègèrè fún oṣù púpọ̀ kó lè dúdú fúnra rẹ̀. Connecticut Shade, irú ewé òde mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni wọ́n ti ń gbin ìyẹn láti nǹkan bí ọdún 1900, ó fẹ́lẹ́, ó mọ́lẹ̀. Ní Ẹ̀kùàdọ̀ (Ecuador) ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìkùukùu ojú ọ̀run ló ń ṣe iṣẹ́ aṣọ náà. Tí ẹnì kan bá wá ń ta maduro oní-Connecticut Shade fún yín, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ti Kamẹrúùnù tún ni pàkúté mìíràn. Ewé yẹn fẹ́lẹ́, ó ní kókó wínníwínní lára tí ìka máa ń mọ̀, kò sì pọ̀ lọ́jà. Irúgbìn tábà Sumatra, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ló ti wá, nítorí náà Sumatra tí wọ́n gbìn ní Ẹ̀kùàdọ̀ lè jọ ọ́ lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ti Ẹ̀kùàdọ̀, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Ká máa pè é ní Kamẹrúùnù kówó rẹ̀ lè lọ sókè ni jìbìtì.

Ẹ tún ṣọ́ ẹni tó bá ní òun ní ògidì Corojo, irú ewé òde kan láti Kúbà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé. Oko El Corojo ní San Juan y Martínez ni wọ́n ti mú irú ewé yẹn jáde, ṣùgbọ́n àrùn ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ti fi irú tuntun rọ́pò rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Ìjì Ian ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tún wó ọ̀pọ̀ ahéré tí wọ́n ti ń sá tábà ní Pinar del Río, agbègbè tí wọ́n ti ń gbin tábà ní Kúbà. Ẹni tó bá ń ta ti Kúbà ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, níbo ló ti ń rí i? Cohiba, cigar Kúbà tó lórúkọ, tí ìdérí àpótí rẹ̀ jẹ́ dígí? Ayédèrú ni, kò ní àríyànjiyàn.

Ní tèmi, mi ò ra odidi àpótí lọ́wọ́ àjèjì mọ́. Ẹyọ kan tàbí méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n tà fún mi, mo sì máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò ewé òde rẹ̀ nínú oòrùn, ní ìtòsí, kí n rí iṣan rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi “ó ti ń tán lọ” dáhùn ìbéèrè nípa irúgbìn àti ilẹ̀ tó ti wá, mo ti kọjá lára rẹ̀.

Ọkùnrin yẹn ṣì ń tajà. Ó ti yí orúkọ padà, àmọ́ kò yí fọ́tò: àpótí pupa rúsúrúsú, igun òsì rẹ̀ ti ṣán, cigar dúdú mẹ́ta tò sórí ìdérí rẹ̀. Lánàá, mo tún rí i, ó ṣì ku “mẹ́ta péré”.