Ojú ìwé ìṣirò HoldemResources: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tí ṣíìpù rẹ̀ ti ń tán lọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje póòkà, ara máa ń rọ gbogbo wa. Ṣíìpù pọ̀ nílẹ̀, blind (iye tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì) kéré, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Wàhálà máa ń dé nígbà tí blind bá ti gòkè, tó wá ku mẹ́wàá tàbí méjìlá BB (big blind, èyí tó tóbi jù nínú blind méjèèjì, tí a fi ń díwọ̀n ṣíìpù) sí ẹ lọ́wọ́, tí wọ́n pín K7 (ọba àti méje) fún ẹ, tí aago orí tábìlì sì ń kà lọ sílẹ̀. Ṣé kí n fold (kí n ju káàdì sílẹ̀) ni àbí kí n gbé gbogbo ẹ̀ lélẹ̀? Ibẹ̀ ni ojú ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wúlò, ẹ̀rọ ìṣirò ọ̀fẹ́ tó wà lórí holdemresources.net. Ilé iṣẹ́ náà ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà, HoldemResources Calculator, tí àwọn tó ń fi póòkà jẹun máa ń pè ní HRC. Ìyẹn kọ́ ni mò ń gbé yẹ̀ wò. Èyí tí mò ń lò kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí n ti sọ ọ́ báyìí: mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi í ní ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ máa kọ iye ṣíìpù ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, iye blind méjèèjì, ante (iye mìíràn tí wọ́n ń fi kún blind ní ìbẹ̀rẹ̀) bó bá wà, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ pín owó ẹ̀bùn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó máa dáhùn: ẹni tó jókòó sí ibí yìí, káàdì báyìí-báyìí ni kó fi lọ all-in (kó gbé gbogbo ṣíìpù rẹ̀ lélẹ̀), tó bá lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, káàdì báyìí ni kí wọ́n fi call (kí wọ́n gbé iye kan náà sílẹ̀ láti bá a tà). Ó tán. Kò sí orin, kò sí iná tó ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa kí yín kú oríire. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ìwé owó orí, èmi sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Kí nọ́ńbà tó máa jáde níbẹ̀ tó lè wúlò fún èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé e pé ṣíìpù kò níye lórí fúnra rẹ̀. 6,000 ṣíìpù, nígbà tí blind jẹ́ 100/200, jẹ́ 30 BB. Ẹ lè raise (kí ẹ fi kún iye tó wà nílẹ̀), ẹ lè call, ẹ lè wo flop (káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí sáàárín) kí ẹ sì fi í sílẹ̀ láìsí ìpalára. 6,000 kan náà, tí blind bá di 400/800, kò ju 7.5 BB lọ. Tí ẹ bá raise sí 1,600 níbẹ̀, ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ọrọ̀ yín ti wà láàárín tábìlì, kò sì bójú mu mọ́ láti sá padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun méjì péré ni ojú ìwé yìí mọ̀, all-in tàbí fold. Àwọn kan máa ń lo M dípò BB, èyí tí wọ́n fi sọ orí Paul Magriel, ẹnì kan tó ń ta póòkà: ẹ fi àpapọ̀ blind àti ante pín iye ṣíìpù yín, ẹ máa mọ iye ìgbà tí tábìlì lè yípo kí ẹ tó jókòó tán lásán. 3,000 ṣíìpù, blind 100/200, ante 200 lápapọ̀: BB jẹ́ 15, M jẹ́ 6. Èmi BB ni mò ń kà, àmọ́ tí ante bá wúwo, M ló máa ń ta mí jí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, kó má tíì kọ nǹkan kan sínú àpótí ìṣirò. Kó kọ́kọ́ lọ wo àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀ fún ìgbà tó bá ku ẹni méjì, níbi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí iwájú oríṣi káàdì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà náà ń sọ pé bí ṣíìpù yín kò bá ju iye BB báyìí lọ, káàdì yìí tó í fi lọ all-in láti small blind (ìjókòó ẹni tó gbé blind kékeré sílẹ̀). Ní 10 BB, ohun tó lé ní ìdajì gbogbo káàdì ni ẹni tó wà ní small blind ń fi lọ. Ẹni tó wà ní big blind, ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń fi call. Ẹ wo bí àlàfo àárín wọn ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ṣíìpù lélẹ̀ ní ọ̀nà méjì tó lè fi jèrè: kí ẹnì kejì sá, tàbí kí káàdì rẹ̀ borí. Ẹni tó ń call ní ọ̀nà kan ṣoṣo. BB mẹ́sàn-án ló sì máa gbé sílẹ̀ kó lè jẹ mọ́kànlá, èyí tó túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ máa borí ní ìgbà 45 nínú 100 kó tó dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí káàdì kan, 4 àti 3 tí àmì wọn bára mu. Ọ̀pọ̀ káàdì lórí àtẹ náà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tí ṣíìpù yín bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n 43 yìí ní àlàfo láàárín. Láti bíi 10 BB wá sí bíi 5, ó sọ pé kí ẹ lọ. Tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 5, ó ní kí ẹ fold. Tó bá wá kù bíi 2 BB péré, ó tún ní kí ẹ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ló tàṣé. Ṣùgbọ́n ó nídìí. Ní 8 BB, ẹnì kejì ṣì ń bẹ̀rù, ó máa ń sá ní ìgbà tó pọ̀. Tó bá sì call, A (ace, káàdì tó ga jù) tàbí K ló sábà máa mú dání, káàdì kékeré méjì yín kò sì sí lábẹ́ tiẹ̀ pátápátá, wọ́n ṣì lè bá ọ̀nà tiwọn lọ. Ní 4 BB, ìbẹ̀rù ti tán lára rẹ̀, ó ń fi pàǹtírí call, pàǹtírí rẹ̀ sì ga ju 4 lọ. Ní 2 BB, ohun tó ti wà láàárín tábìlì ti pọ̀ débi pé kò sí káàdì tí ẹ fẹ́ máa dúró dè mọ́. Ẹni tó bá lóye káàdì kan yìí ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù alátakò wà lára ohun tó ń fún káàdì níye.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ló mú mi dúró ti ojú ìwé yìí, apá tó ń da owó ẹ̀bùn pọ̀ mọ́ ìṣirò ni. Ẹ wo ìdíje kékeré kan. Ẹni mẹ́rin ló kù, ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa sanwó fún: $50, $30 àti $20. Kálukú ní 2,500 ṣíìpù. Ìpín kálukú nínú owó náà jẹ́ $25, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ẹnì kan wá lọ all-in, ẹ̀yin náà sì call. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá borí, ṣíìpù yín di 5,000, ìlọ́po méjì. Ṣé ìpín yín náà wá di $50 ni? Rárá o. $38.33 ni. Ẹ fi $25 sínú ewu láti lè ní $38.33, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa borí ní ìgbà 65 nínú 100 kó má bàa jẹ́ àdánù. Ká ní ṣíìpù nìkan là ń kà ni, 50 ì bá ti tó.

Níbo ni owó tó kù wá wọlé sí? Ọwọ́ àwọn méjì tí wọ́n fold, tí wọ́n ń mu tíì wọn jẹ́jẹ́. Ìpín wọn kúrò ní $25, ó di $30.83 kálukú, wọn ò fọwọ́ kan káàdì.

Ní báyìí, ẹ mú AK tí àmì wọn kò bára mu, káàdì tó ń mú inú àwọn èèyàn dùn bí ẹni rí owó he. Tó bá pàdé káàdì tí èèyàn kàn mú láìwò, bíi ìgbà 65 nínú 100 ló ń borí. Ìyẹn ni pé tí a bá fojú fo blind, kódà bí ẹni yẹn bá dijú lọ all-in, AK yín kàn dé ẹnu ọ̀nà ni. Blind tí ẹ ti gbé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa dín iye tí ẹ nílò kù díẹ̀, ojú ìwé náà sì máa ń kà á mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kò yí padà: ẹ fẹ̀ bí ẹ bá ń lọ all-in, ẹ há bí ẹ bá ń call. Ẹ wá dín ṣíìpù ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà kù sí 500, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnnì. Káàdì tí àwọn mẹ́ta tó kù lè fi call ara wọn á tún há sí i, torí wọ́n ń retí kí ẹni 500 yẹn kọ́kọ́ jáde. Mo máa ń ṣe eré yìí léraléra, mo máa ń yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà kí n lè rí ẹni tó ń jàǹfààní àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ó kọ́ mi ju fídíò èyíkéyìí lọ.

Tó bá jẹ́ satellite (ìdíje tí èèyàn fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje ńlá), níbi tó ti jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo ẹni tó bá yege máa gbà, ẹ kọ ẹ̀bùn náà ní dọ́gba-dọ́gba. Ẹ máa rí i níbi tó ti ń ní kí èèyàn fold AA, A méjì, káàdì tó dára jù. Àwọn kan ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: tí ẹnì kan bá ti fẹ́ tán pátápátá lórí tábìlì, tí tíkẹ́ẹ̀tì yín sì ti dájú ní ìgbà 95 nínú 100, kí lẹ fẹ́ fi AA wá, nígbà tó jẹ́ pé bíi 85 nínú 100 lòun fúnra rẹ̀ ń borí káàdì èyíkéyìí?

Ìṣirò tó wà nídìí gbogbo èyí, tó ń sọ iye ṣíìpù di ìpín nínú owó ẹ̀bùn, ni wọ́n ń pè ní ICM (Independent Chip Model). David Harville, onímọ̀ ìṣirò, ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1973, eré ẹṣin ló sì ń rò. Mason Malmuth, òǹkọ̀wé póòkà, tún fúnra rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ fún póòkà ní 1987. Torí pé láti ibi eré ẹṣin ló ti wá, àwọn nǹkan kan wà tí kò mọ̀. Kò mọ̀ pé big blind máa kan yín ní ọwọ́ (ìgbà tí wọ́n bá tún pín káàdì) tó ń bọ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tó wà lápá òsì yín kì í fold láéláé. Kò ka owó tí wọ́n ń fi lé orí èèyàn nínú àwọn ìdíje bounty, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn rẹ̀ ta irú ìyẹn. Ó yẹ kí ẹ call fẹ̀ ju bó ṣe máa sọ lọ.

Ohun tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀ nìyí: àwọn èèyàn máa ń kó 25 BB lọ síbẹ̀, wọ́n á wá jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé A9 láti button (ìjókòó ẹni tí wọ́n kà sí olùpín káàdì) gbọ́dọ̀ lọ all-in. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́ nínú ayé tí kò ti sí raise kékeré. Ṣùgbọ́n ní 25 BB, raise sí 2 BB tàbí 2.2 wà lọ́wọ́ yín, ó sì dára jù fún ọ̀pọ̀ káàdì. Ṣíìpù bíi 15 sí 25 tún ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹlòmíràn á raise, ẹ̀yin á ti gbogbo tiyín lé e lórí kó lè sá. Ojú ìwé ọ̀fẹ́ yìí kò bá ìyẹn ṣe. Tèmi ni pé láti 12 BB sísàlẹ̀, mo fọkàn tán an. Láàárín 12 sí 15, mo máa ń gbọ́ ọ, kí n tó ṣe tèmi. Lókè ìyẹn, mi ò bi í.

Nǹkan mìíràn ni pé ó gbà pé gbogbo ẹni tó wà lórí tábìlì náà mọ ìṣirò. Ìdọ́gba tí John Nash, onímọ̀ ìṣirò, júwe ló ń wá, níbi tí kò ti sẹ́ni tó lè dá yí ọgbọ́n rẹ̀ padà kó jèrè sí i. Nínú ìdíje olówó pọ́ọ́kú tí èmi ń wọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kò sí Nash kankan níbẹ̀. Wọ́n ń fi K5 call torí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá ń call báyẹn, ẹ yọ káàdì tó jẹ́ pé sísá tí alátakò ń sá nìkan ló ń fún un níye kúrò nínú èyí tí ẹ fẹ́ fi lọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí 43 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ka òfin ibi tí ẹ ti ń ta. Àwọn ilé póòkà ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì kò fàyè gba kí èèyàn máa bi ẹ̀rọ ìṣirò léèrè nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n lè ti àkáǹtì pa. Èmi máa ń kọ ọwọ́ tó rú mi lójú sílẹ̀ ni, iye ṣíìpù kálukú àti ibi tí wọ́n jókòó sí, tó bá wá di ọjọ́ kejì, mo máa jókòó tì í.

Mo ti sanwó oṣooṣù fún áàpù mìíràn rí, orúkọ rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Àwọ̀ mèremère, eré ìbéèrè àti ìdáhùn, àmì ẹ̀yẹ. Ó ń fún èèyàn ní ìdáhùn, kì í jẹ́ kó yí nọ́ńbà padà kó rí ìdí rẹ̀, nígbà tí mo sì fẹ́ dá owó náà dúró, ojú mi rí màbo. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí wọ́n máa dán òun wò lè gbádùn irú rẹ̀.

Mo fún ojú ìwé HoldemResources ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ẹni tó ń ta ìdíje tó ń yára parí, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wà lábẹ́ 15 BB kó tó di ìdajì ọ̀nà, ó lè jẹ́ òun nìkan lẹ máa nílò fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìdíje ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló ń wọ̀, tó ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí láàárín 20 sí 40 BB, kó máa tọ́jú owó HRC pamọ́, kó sì máa fi èyí ṣe ti ìparí alẹ́.