Kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ kan ní Bódìjà: owó wọn ga, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé fóònù lóru

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, diclofenac, oògùn ara ríro, ni wọ́n sì ń rà jẹ ní Mókọ́lá, kí àyẹ̀wò mùdùnmúdùn eegun tó fi hàn pé myeloma ni, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń jẹ eegun. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí mo máa bú wọn díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gba owó wa láre. Ìyá náà lẹ́nu bí abẹ! Kí wọ́n tó gún Bọ̀dá lábẹ́rẹ́ kankan ló ti jókòó tì wá. "Bàbá, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ yìí la ń ṣọ́ jù o." Ó ní àwọn tó ń tètè kú, àkóràn bí òtútù àyà ló sábà máa ń mú wọn lọ, tàbí kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀. Àìsàn náà ń sọ ara di aláìlágbára, oògùn rẹ̀ náà ń dá kún un. Purotéènì burúkú tó ń tú sẹ́jẹ̀ sì lè dí kíndìnrín. Nítorí kíndìnrín yìí, diclofenac àti ibuprofen di èèwọ̀, àgbo náà di èèwọ̀ (ojú Bọ̀dá kọ́rẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀), kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa. Bí ìgbóná ara bá ti dé 38°C, ká pè lójú ẹsẹ̀, ká má fi paracetamol bò ó di àárọ̀.

Lóru Sátidé kan, ìgbóná ara Bọ̀dá gòkè. Mo pè, wọ́n gbé e. Nígbà tí a fi dé láti Mọ́níyà, abẹ́rẹ́ ti wà nílẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n so dírípù, kò sẹ́ni tó bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán wọn! Kaṣíà kan ṣoṣo fún gbogbo èrò. Bí ẹ bá nílò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá a kiri. Èyí tó bí mi nínú jù: ẹni tí wọ́n ní kó sá fún àkóràn, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n fi òun àti àwọn oníkọ́ jókòó sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Ìbòmú tiwa la gbé lọ láti ilé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkarùn-ún ń bẹ lọ́wọ́ mi títí wọn yóò fi wá yàrá mìíràn fáwọn tó ń húkọ́.