Iná erékùṣù Eigg: ará ìlú ló ni ín, àlejò náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé níbo lèèyàn lè kó àwọn ọmọ lọ ní Scotland yàtọ̀ sí Edinburgh, èsì mi rèé o. Àmọ́ kì í ṣe yàrá àti bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí, iná mànàmáná erékùṣù yẹn gan-an ni, torí òun ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ohun tá a rí níbẹ̀. Eigg lorúkọ ibẹ̀, inú òkun lápá ìwọ̀ oòrùn Scotland ló wà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju bí 110 lọ, òpópónà kan ṣoṣo ní Mùṣín lérò ju gbogbo wọn lọ. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn, màá sọ ìdí tí kò fi pé 5.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀ ò le. Ẹ wọ rélùwéè láti Glasgow lọ sí Mallaig, ó lé ní wákàtí márùn-ún, ẹ máa gba orí afárá Glenfinnan tí gbogbo ayé ń wá yà ní fọ́tò kọjá, lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Àlejò ò lè gbé mọ́tò wọ erékùṣù náà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn tàbí kẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́. Tí òkun bá ń ru ọkọ̀ lè má wá, torí náà ẹni tó ní iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè kó má lọ fi ìpadàbọ̀ sí alẹ́ Sọ́ńdè.

Ó yá, ká bọ́ sórí iná. Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, olówó kan ṣoṣo ló máa ń ni gbogbo ilẹ̀ Eigg, àwọn ará ibẹ̀ kàn ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ẹlòmíì ò lè tún òrùlé ara ẹ̀ ṣe kó fọkàn balẹ̀ torí kò mọ̀ bóyá wọ́n á ní kó kó jáde lọ́la. Ní June 12, 1997 ni wọ́n ra erékùṣù náà fúnra wọn, £1.5 mílíọ̀nù, àwọn ará ìlú, Highland Council tó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àgbègbè yẹn, àti Scottish Wildlife Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, ló pawọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ tó ni ilẹ̀ náà sílẹ̀, Isle of Eigg Heritage Trust ni wọ́n ń pè é. Lásìkò yẹn kò sí wáyà iná kankan tó ti orí ilẹ̀ ńlá wọ ibẹ̀, olúkúlùkù ló ń tan jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀. Àwa tá a dàgbà sínú ariwo I better pass my neighbour mọ bí ìyẹn ṣe ń rí: dísẹ̀lì wọ́n, èéfín ń yọ, tílẹ̀ bá ti ṣú jìnnà ẹ pa á kẹ́ ẹ lọ sùn. Kò tíì ju ọdún 1997 lọ o, ní UK níbí.

February 1, 2008 ni wọ́n tan iná tiwọn, Eigg Electric lorúkọ iléeṣẹ́ náà, Trust yẹn ló ni ín, ìyẹn ni pé ará ìlú náà ni oníbàárà, òun náà ni ọ̀gá. Omi tó ń ṣàn látorí òkè ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta ni, èyí tó tóbi jù lára wọn tó 100 kílówáàtì, àwọn méjì tó kù kéré gan-an. Atẹ́gùn ń yí ẹ̀rọ mẹ́rin nísàlẹ̀ An Sgùrr, òkè olókùúta ńlá tó ga tó mítà 393 tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Sólà wà, bátìrì wà lẹ́yìn wọn, jẹnẹrétọ̀ méjì sì wà ní ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dìjàngbọ̀n. Wáyà tó tó kìlómítà 11 ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí òpó kankan lójú títì. Tí òjò bá wá rọ̀ gan-an tí atẹ́gùn náà ń fẹ́, tí iná pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, wọ́n á darí àṣẹ́kù yẹn sínú hítà gbọ̀ngàn ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa sanwó ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn jọjọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ò lọ sápò ẹnì kan, gbogbo wọn ló jọ ń yáná ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé iná ilé kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ kọjá kílówáàtì 5 lẹ́ẹ̀kan náà, ti iléeṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá 10. Tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, iná ilé yẹn á já, ó di kí ẹnì kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wá tún un so, aládùúgbò yín náà sì nìyẹn. Àti olówó àti tálákà, 5 ni, kò sí pé ẹni yìí mọ èèyàn lókè. Wọn ò sì kàn fi òfin yìí lé wọn lórí o, wọ́n jọ jókòó sọ ọ́ ni kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ tí wáyà máa gbà, wọ́n wo omi tó wà, wọ́n wo atẹ́gùn tó wà, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó máa kárí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń fapá jánú lónìí. Nílé tá a wọ̀, obìnrin tó ni ín ti kọ ọ́ sórí páálí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì. Kẹ́tùlù 3, ófùn 2. Ó ti pé nìyẹn, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tan hítà tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ọmọ mi tó dàgbà di ọlọ́pàá iná lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan kẹ́tùlù kó má kọ́kọ́ kígbe sí i pé ṣé ófùn wà lórí iná, nígbà tó sì máa fi di ọjọ́ kejì gbogbo wa ti ń ṣe é láìronú. Kò ni wá lára rárá. Ìrẹsì mi jinná, omi tíì hó, fóònù gba iná, kò sì sí ìgbà tí iná lọ.

Àwọn àlejò ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ báyìí. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti di tiwọn ni èrò ti ń wá sí Eigg sí i, ilé àlejò ń pọ̀, àwọn kan ń pàgọ́, kaféè etí ọkọ̀ máa ń kún dẹ́nu lọ́sàn-án tí ọkọ̀ bá ti já èrò. Wọ́n nílò owó àlejò, wọn ò sì bò ó mọ́lẹ̀, òun ló ń jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ rí nǹkan ṣe. Ẹ wá wò ó báyìí: ìgbà ooru ni àlejò ń wá jù, ìgbà ooru náà ni òjò máa ń dín kù, omi orí òkè á fà, ẹ̀rọ tó ń gbé iná jù lọ á wá máa ṣe díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń gbà wọ́n ni sólà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kékeré, wọ́n fi kún un, wọ́n tún fi kún un, títí tó fi tó nǹkan bí 50 kílówáàtì, torí oòrùn máa ń pẹ́ gan-an lójú sánmà níbẹ̀ lóṣù June. Ẹni tó bá wá fẹ́ kọ́ yàrá àlejò tuntun, ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n á kọ́kọ́ bi í. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú tèmi, torí ọ̀pọ̀ ìlú ló jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ́, wọ́n á wá máa wá iná kiri.

Ibi tí ìràwọ̀ kan ti já bọ́ nìyí. Ìkànnì tí mo ti sanwó ilé ò sọ ohunkóhun nípa iná, kò sí kílówáàtì 5, kò sí nǹkan kan, fọ́tò òkun àti bẹ́ẹ̀dì ló kún ibẹ̀. Ìgbà tá a débẹ̀ la tó rí páálí ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná lò, ilé la ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbé níbi tí iná ti ń lọ rí láyé ẹ̀, tó di hítà méjì dání torí òtútù, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀ tí ará ìlú á fi ẹsẹ̀ rìn wá tún ṣe nínú òjò? Àlejò wà lára àwọn tó ń jẹ iná yìí, ó yẹ kí wọ́n ti bá òun náà sọ ọ́ kó tó sanwó.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí ni pé lórí ilẹ̀ ńlá Highland lọ́hùn-ún ọ̀rọ̀ ò dán mọ́rán. Láti 2015 tí wọ́n ti ń polówó North Coast 500, ọ̀nà máìlì 516 tó yí òkè àríwá po, mọ́tò ilé alágbèérìn ti kún ojú ọ̀nà tóóró tí mọ́tò méjì ò lè pàdé lórí ẹ̀. Orí ilẹ̀ yẹn kan náà làwọn iléeṣẹ́ iná fẹ́ ri òpó ńláńlá àti ẹ̀rọ atẹ́gùn mọ́. Ní June 2025, àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò tó lé ní 50 pàdé ní Beauly láti béèrè pé kí ìjọba dá iṣẹ́ iná ńláńlá wọ̀nyẹn dúró ná. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ọ̀tá ìlọsíwájú, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ máa ń ṣe ìpàdé lóòótọ́, wọ́n á ta máàpù sára ògiri, wọ́n á fún yín ní tíì, àmọ́ ibi tí òpó máa gbà ti wà lórí máàpù yẹn kẹ́ ẹ tó wọlé. Ìjọba Scotland dábàá pé kí iléeṣẹ́ máa fún àdúgbò ní £5,000 lọ́dún lórí mẹgawáàtì (ìyẹn kílówáàtì 1,000) kọ̀ọ̀kan, owó gidi ni, èèyàn lè fi tún gbọ̀ngàn ìlú ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó náà ò ní ohùn lórí ibi tí ẹ̀rọ máa dúró sí. Mo ti lọ sí Whitelee náà, ibùdó iná atẹ́gùn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Glasgow, ẹ̀rọ atẹ́gùn 215, mẹgawáàtì 539, wọ́n la ọ̀nà tó tó kìlómítà 130 síbẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, ọ̀fẹ́ ni kẹ́ ẹ wọlé, àwọn ọmọ gbádùn ẹ̀ dáadáa. Mo fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ àlejò iléeṣẹ́ lẹ jẹ́ níbẹ̀, ti Eigg yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Gbamu-Gbamu ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní sólà 85 kílówáàtì láti 2018, òfin tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ṣe ní 2016 lórí irú iná kékeré bẹ́ẹ̀ sì sọ nígbà náà pé tí oníṣẹ́ àti ará ìlú bá fẹ́ fúnra wọn fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó iná, àwọn tó ń ra ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iná náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin yẹn dáa. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kíkó àlejò wá sí Ìdànrè tàbí Ìkògòsì ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n jọ ṣírò iye yàrá tí iná àti omi ìlú lè gbà kí wọ́n tó gé igi kan.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Eigg, ẹ mú aṣọ òjò àti bàtà tó le, ẹ ra oúnjẹ yín ní Mallaig torí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló wà níbẹ̀, ata rodo ò sí, ẹ gbé tiyín dání. Ẹ pe onílé fúnra ẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé kí ló ń lo iná nínú ilé náà àti èwo lẹ lè tàn pọ̀, inú wọn máa ń dùn tẹ́ ẹ bá béèrè. Hítà tẹ́ ẹ fẹ́ dì, ẹ fi sílé, ẹ mú búláńkẹ́ẹ̀tì.